Iṣan Ọrùn Tí Mo Fi Àga Júwe

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ba ayé mi jẹ́: sì-tá-nò-kí-láí-dò-má-sì-tọ́ì-dì. Iṣan ọrùn kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, mo wà lọ́dún kìíní nílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ti sọ fún wa pé ẹni tí kò bá yege ìdánwò àfẹnusọ, kó di ẹrù ẹ̀ máa lọ sílé.

Mo wálé sí Ìsọlọ̀ láti kàwé. Mo gé ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gé èbù iṣu: sìtánò ni egungun àyà, kíláídò ni egungun tó ti abẹ́ ọrùn lọ sí èjìká, másìtọ́ìdì ni egungun ẹ̀yìn etí. Ibi tí iṣan náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú orúkọ ẹ̀. Mo ń ṣa ẹ̀wà, mo ń pè é. Mo wá ní, "Màámi, ẹ wo ibi tí dókítà máa ń là tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ọrùn," mo fẹ́ fọwọ́ kan ọrùn mi. Màámi gbá ọwọ́ mi dànù.

"Orí ẹ ò pé ni? Ta ló ń fi ara ẹ̀ júwe ojú ọ̀bẹ? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Fi òpó júwe!"

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Òpó ilé ni mo fi júwe fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Lọ́jọ́ ìdánwò, òyìnbó obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wa ní kí n pè é. Mo pè é geerege, mo túmọ̀ ẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá ní kí n fi ìka tọ ojú ibi tí ọ̀bẹ máa gbà lọ́rùn ara mi. Ọwọ́ mi ò lọ. Ẹ̀yìn àga ni mo nawọ́ sí. Ó ní, "Lọ́rùn ẹ." Mo tún nawọ́ sí àga. Ó ní mo kàn há a sórí ni, mi ò mọ̀ ọ́n. Èmi! Kí n tó rí ẹnu ṣàlàyé, ẹ̀pa ò bóró mọ́, ó ti kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọmọ Èjìgbò tó wọlé tẹ̀lé mi ò lè pè é tán, àmọ́ ó fi ìka fa ọrùn ara ẹ̀ fàà. Òun ló di nọ́ọ̀sì.

Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Bọ́ládé, mo ru àpótí mi dé Ìsọlọ̀. Mo ń sunkún, mo ro gbogbo ẹ̀ fún Màámi. Wọ́n fọwọ́ pa mí lọ́rùn, wọ́n ní, "A dúpẹ́ o. O ò ṣáà fọwọ́ kàn án."

Ọlọ́run dárí jì mí, mo kórìíra Màámi lọ́jọ́ náà.