Bí Mo Ṣe Kọ́ Ẹsẹ̀ Mi Láti Padà

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló tọ́ mi dàgbà ní Òtù. Òun ni mò ń pè ní Ìyá, mi ò ní ẹlòmíràn tí mo fẹ́ràn tó o láyé. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ rẹ̀ kú. Ìsẹ́yìn ni mo ti gbọ́, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà. Ó yẹ kí n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Mo dé gáréèjì, mo tiẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀. Ni mo bá ń ro bí àwọn ará ilé yóò ṣe máa wò mí bí mo bá wọlé, àti ohun tí n ó sọ fún Ìyá. Àyà mi ń já. Mo sọ fún dírẹ́bà pé mo gbàgbé nǹkan sílé, mo sọ̀kalẹ̀. Ara tù mí pẹ̀sẹ̀.

Ìtura yẹn ló bà mí jẹ́. Èmi tí mò ń kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù pé ohun tó bá ti mú ara tu ẹni lẹ́ẹ̀kan, ara á tún fẹ́ ṣe é, ìbáà jẹ́ sísá! Lọ́jọ́ fídáù ọkọ rẹ̀, mo ní orí ń fọ́ mi. Mi ò tíì parọ́ náà tán tí ọkàn mi fi balẹ̀. Lẹ́yìn fídáù ńkọ́, ojú wo ni n ó fi lọ? Ìyá pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin, mo ń wo fóònù títí tó fi dákẹ́. Nígbà tó yá, kò pè mọ́. Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ mi ná, inú mi dùn!

Ogójì ọjọ́ ti kọjá kí n tó gbéra. Mo kìlọ̀ fún dírẹ́bà pé bí mo bá ní kó dúró lọ́nà, kó má dá mi lóhùn.

"Àǹtí, ṣé wọ́n ń lé yín ni?"

Ìdí mi ò gbé ibì kan títí a fi dé Òtù.

Ìyá wà nínú opó, ó ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ìyá."

Kò bínú. Ì bá tiẹ̀ bínú. Ó nawọ́ sí àga tí àlejò ń jókòó sí.

"Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó."

Obìnrin tó fi kànìnkànìn wẹ̀ mí ní ẹ̀yìnkùlé ilé yẹn kan náà, èmi ló wá ń pè ní "ẹ".

Mo ní, "Ìyá, èmi ni o."

Ó ní, "Mo mọ̀ yín."