Bí Mo Ṣe Kọ́ Láti Gbé Orí Sókè Nínú Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, òógùn àná tó ti gbẹ mọ́ aṣọ, àti ìpara olóòórùn mẹ́ńtọ́ọ̀lù tí ìyá mi fi ń pa mí léjìká: àwọn òórùn yìí ni mo fi mọ oṣù Ògọ́sítì títí dòní. Àárọ̀ kùtù la máa ń lọ síbi ìdánrawò, kí oòrùn tó mú. Ìrì á ti rin bàtà wa gbingbin, a ó wọ fóòmù líle sí èjìká, a ó dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ara wa bí àgbò títí fèrè á fi dún.

Park Forest la ń gbé nígbà náà, ní gúúsù Chicago. Ìyá mi ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kan ní Joliet, bàbá mi sì ń wọ rélùwéè lọ síbi iṣẹ́ àkáǹtì láàárín ìlú. Mo ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì dáadáa kí wọ́n tó mú mi wá láti Abẹ́òkúta, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì fi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú mi. Nígbà tí mo dé háí sìkúùlù, tí mo ga, tí èjìká mi fẹ̀, kóòṣì rí mi lọ́jọ́ kan, ó ní kí n wá gbá bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tiwa o. Èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sáré ni, tí gbogbo ayé á sì máa rọ́ lu ẹni tó bá gbé e. Iṣẹ́ tèmi ni kí n dá onítọ̀hún dúró, kí n gbé e lulẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é nínú ìdíje, gbogbo pápá ń pariwo "Eddie! Eddie!", nítorí Adékúnlé ti gùn jù fún wọn lẹ́nu. Mo pinnu lọ́jọ́ náà pé kò sẹ́ni tó máa gba eré bọ́ọ̀lù yìí lọ́wọ́ mi.

Àbùkù kan ló wà níbẹ̀. Bí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù bá ti dojú kọ mí, mo máa ń tẹrí ba, àtàrí mi ni yóò sì kọ́kọ́ kàn án. Kóòṣì á sáré wá, á di irin ojú hẹ́límẹ́ẹ̀tì mi mú, á ní, "Head up, son! See what you hit!" Ó ṣàlàyé fún gbogbo wa, kò sì fi ẹ̀rín sí i. Ẹni tó bá tẹrí ba, ọrùn rẹ̀ á nà gbọọrọ, kò ní lè tẹ̀ mọ́, gbogbo agbára ìkọlù náà á wá wọnú eegun ọrùn. Ó ní àwọn ọmọ kan wà tí wọn ò rìn mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn kú.

Mo gbọ́, ó sì yé mi, ṣùgbọ́n orí mi ò gbọ́. Ilé wa ló ti kọ́ ọ. Láti ìgbà tí mo ti ń rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀ ni bàbá mi kì í ti í gbà kí n wo òun lójú. "Èmi lò ń wò báyẹn?" ni yóò kọ́kọ́ bi mí, ìgbátí á sì tẹ̀lé e. Bí àgbà bá ń bọ̀, ojú á wolẹ̀. Ẹni tó sì máa ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ wá bá mi níbi ìdánrawò jẹ́ ọmọ kíláàsì tó kẹ́yìn, gìrìpá tó ti hu irùngbọ̀n. Alátakò làwọn yòókù ń rí. Ojú tèmi ń rí ẹ̀gbọ́n. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ fún kóòṣì lẹ́ẹ̀kan, ó wò mí bí ẹni pé ibà ń ṣe mí.

Òwúrọ̀ Sátidé kan, ìyá mi ti ibi iṣẹ́ dé, kò sì jáde nínú mọ́tò. Mo lọ ṣílẹ̀kùn fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí sítíárì. Ó ní wọ́n gbé ọmọ kan wá láti pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé kan, ojúgbà mi, ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́. Ilẹ̀ ò mọ́ bá a.

"Èmi ni mo fi aṣọ bò ó lójú," ló wí. "Kúnlé, o ò gbá bọ́ọ̀lù yẹn mọ́. It's finished."

Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ lórí kọnkéré. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́. I'm good at it. Òun nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe níbí."

"Mi ò bímọ fún eré," ni bàbá mi dá sí i láti ẹnu ọ̀nà. Ohun tó máa ń wí nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bá délé wa.

Omijé ń bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n mi ò dìde. Ìyá mi wò mí títí, ó wá sọ̀ kalẹ̀. "Dókítà ní ṣe lọmọ yẹn tẹrí ba. Ìwọ ńkọ́? Show me. Báwo lo ṣe ń lọ bá wọn?" Ó dúró níwájú mi tòun ti báàgì rẹ̀. Mo sáré díẹ̀, mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, orí mi lọ sílẹ̀. Ó ní kí n gbé e sókè. Orí gòkè, ojú ò gòkè. Ó ní, "Wò mí." Mi ò lè wò ó. Ìgbà náà ni ó yé e, tó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Daddy Kúnlé, àwa la kọ́ ọ," ló sọ. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Àwa náà la kọ́ ọ."

Ó ṣòfin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ pápá títí n ó fi lè sáré kọlu òun àti bàbá mi láìwolẹ̀. Bí mi ò bá lè ṣe é, a jẹ́ pé bọ́ọ̀lù parí nìyẹn. Bàbá mi kùn, ṣùgbọ́n ó gbé tìmùtìmù àga pálọ̀ jáde sẹ́yìnkùlé, ó dì í mọ́ àyà. Èmi náà sáré, mo tanjú mọ́ ọn. Kíá ni ojú rẹ̀ pọ́n. "Ọmọ yìí, ṣé mo jẹ ọ́ ní gbèsè ni?" Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi fìdí lélẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó wò yín jàre, Daddy. Ọrùn rẹ̀ ló ń gbà là."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Bílẹ̀ bá sì mọ́, mo gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ kí wọn, kí n wolẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo sáré dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, ojú mi sì dúró sínú tirẹ̀. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Èmi ò mọ̀ rí pé ẹ̀rù lè ba bàbá mi. Mo gbé e lulẹ̀ tòun ti tìmùtìmù. Ó dùbúlẹ̀ nínú koríko, ó ní kí n padà sí pápá.

Mo padà, orí mi sì dúró sókè. Ṣùgbọ́n eré náà kò ṣèlérí ààbò fún ẹnikẹ́ni. Lóṣù Òkítóbà, nínú ìdíje kan, mo ṣe é bó ṣe yẹ, ojú lókè, èjìká níwájú, síbẹ̀ orúnkún ẹlòmíràn gbá mi lọ́rùn níbi tí a ti ń ṣubú. Iná sáré láti ọrùn mi dé orí ìka. Mi ò mọ apá mi lára mọ́. Mo rìn jáde, kóòṣì sì ní, "Shake it off, Eddie. Get back in there." Gbogbo pápá ń pè mí. Ìdíje náà ku díẹ̀ kó parí, mo sì fẹ́ padà gan-an.

Àgbàlagbà ni kóòṣì. Nílé wa, a kì í sọ fún àgbà pé rárá. Mo bọ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì, mo gbé orí sókè, mo wò ó sínú ẹyinjú. "No, sir. It's my neck." Ó pariwo mọ́ mi. Ojú mi ò kúrò lójú rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ wo ibòmíràn. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò eegun mi, wọ́n rí i pé eegun ọrùn kan ti sán. Dókítà sọ fún ìyá mi pé ká ní mo padà wọlé, ìkọlù kan péré lè pa mí. Mi ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Mo sunkún rẹ̀ títí òtútù fi dé, n kò sì ní purọ́ pé kò dùn mí.

Mo ti di bàbá ọmọ báyìí, mò ń bójú tó àwọn awakọ̀ ní wíáháòsì ìkẹ́rùsí kan ní Joliet. Nígbà òtútù tó kọjá, yìnyín bo gbogbo ọ̀nà, ó ń dán, ọ̀gá mi sì tẹ̀ mí láago pé kí n kó ọkọ̀ jáde, ẹrù ń dúró. Mo wo àwọn awakọ̀ tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń mu kọfí. Mo mọ ìyàwó wọn, mo mọ ọmọ wọn. "Yes, sir" ti wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì. Mo sọ fún un pé ọkọ̀ kankan ò ní jáde, mo sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì nígbà tó pariwo. Kò sẹ́ni tó jáde. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó la ẹnu. Ọmọ tí mo jẹ́, tó wo kóòṣì lójú létí pápá lọ́jọ́ yẹn, kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.