Àwọn Orúkọ tí Pírínsípà Adéwọ̀yìn ń Pè Láàárọ̀

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ ayé. Ọkùnrin tí odindi ìlú ń pè ní Pírínsípà ló jókòó sórí àga nínú fúláàtì kan ní West Ridge, ní Ṣikágò, tí ọmọ rẹ̀ ń bá a wọ ìbọ̀sẹ̀. Gabriel Adéwọ̀yìn lorúkọ rẹ̀, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Olúwabùsọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, nọ́ọ̀sì ni. Òun ló lọ mú un wá láti Ìlá lẹ́yìn tí ìyá Bùsọ́lá kú, nígbà tí àwọn aládùúgbò ń pè é lemọ́lemọ́ pé bàbá ti jáde, àwọn ò mọ ibi tó gbà.

Bùsọ́lá mọ ìtàn bàbá rẹ̀, àbí kí n kúkú sọ pé ó rò pé òun mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé Enugu ni wọ́n bí i sí, torí pé rélùwéè ni bàbá tirẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́. Ó mọ̀ pé nígbà tí ogun Biafra dé, tí àwọn Yorùbá ń di ẹrù sọ́kọ̀, Gabriel ò bá wọn lọ. Àwọn tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì ti wọṣẹ́ ológun Biafra, lòun náà bá wọ̀ ọ́. Kí ogun tó parí, àwọn ọ̀gá ti kú tán lórí rẹ̀, ó ti di Méjọ̀, ó sì ń darí àwọn ọmọ tí púpọ̀ nínú wọn ò tíì hu irùngbọ̀n. Biafra fìdí rẹmi. Ọmọ Yorùbá tó jagun fún Biafra, ta ni yóò gbà á síṣẹ́? Ọjọ́ tó délé, ìyá rẹ̀ fọwọ́ bò ó lẹ́nu, ó ní, "Gabriel, ohun tó o bá rí lọ́hùn-ún, fi síkùn." Ó sì fi síkùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ilé ìwé kan ní Ìlá tí kò rí olùkọ́ ìṣirò gbà á.

Tíṣà gidi sì ni! Kò na ọmọ rí. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń mú un bínú ni kí ọmọ má wá sílé ìwé. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun pe rẹ́jísítà, àní nígbà tó di pírínsípà pàápàá. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò dúró síwájú, tí yóò máa pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí kò bá dáhùn, kó tó di aago mẹ́wàá, kẹ̀kẹ́ Pírínsípà ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ọmọ náà. Àwọn òbí a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń ràdọ̀ bo ọmọ ọlọ́mọ bí àgbébọ̀ adìẹ. Bùsọ́lá náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí. Ẹni kan ṣoṣo tí ọkùnrin yìí ń bẹ̀rù láyé ni ínsípẹ́kítọ̀ ìjọba tó máa ń wá yẹ ìwé wò. Bí ínsípẹ́kítọ̀ bá ti ní kí wọ́n pa rẹ́jísítà dé, ó parí nìyẹn.

Ní Ṣikágò níbí, àìsàn ìgbàgbé sọ bàbá di ọmọdé. Ó ń pe Bùsọ́lá ní màdáámù, ọjọ́ mìíràn a tiẹ̀ bi í pé ìgbà wo ni ọkọ̀ Enugu máa gbéra. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni Bùsọ́lá ń tọ́jú níbi iṣẹ́, ó mọ ibi tí àrùn náà ń lọ dáadáa, àmọ́ kí ni mímọ̀ fẹ́ ṣe fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ ò mọ̀ mọ́?

Àárọ̀ kan nínú oṣù kẹta, bí ó ti ń múra ṣífùtì, ó gbọ́ ohùn ní pálọ̀. Dádì ti dìde, ó nà ṣánṣán, ó ń pe orúkọ. Orúkọ Ìbò ni gbogbo wọn. Bó bá pe ọ̀kan, a dákẹ́ díẹ̀, a wá sọ ibì kan: "Lẹ́bàá odò, lábẹ́ igi ọ̀pẹ kejì." A tún pe òmíràn: "Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí ògiri." Orí Bùsọ́lá wú. Ọmọ Yorùbá wo ni ò mọ̀ pé àgbàlagbà tó bá ti ń pe àwọn tí ẹnì kankan ò rí, tó sì ń dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn, ó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ nìyẹn?

Kò bi í pé, Dádì, ta ni wọ̀nyí. Ká ní ó bi í! Fóònù ló gbé, ó ya fídíò, ó fi ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹbí pé kí wọ́n bá òun gbàdúrà. Àǹtí Àrìnkẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, pè é láti Ìbàdàn lójú ẹsẹ̀. "Bùsọ́lá, má jẹ̀ẹ́ kó tún pè wọ́n o! Ọjọ́ tí wọ́n bá dá a lóhùn, wọ́n á mú un lọ ni."

Bùsọ́lá bẹ̀ ẹ́, ó jágbe mọ́ ọn, pàbó ló já sí. Ní ọjọ́ kẹrin ni ọgbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn. Ó wọ kóòtù, ó fi fáìlì há abíyá, ó fohùn líle sọ̀rọ̀: "Mr. Adéwọ̀yìn, ínsípẹ́kítọ̀ ni mí. Ẹ pa rẹ́jísítà yẹn dé. Mi ò gbọdọ̀ gbọ́ orúkọ kankan mọ́." Bàbá pa ẹsẹ̀ pọ̀ bí ológun, ó ní, "Yes, sir." Nígbà tí Bùsọ́lá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn orúkọ náà dákẹ́ pátápátá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó tún ń yangàn níbi iṣẹ́ pé òun mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń tọ́jú arúgbó.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ WhatsApp. Ohun tó bá ti wọ ibẹ̀ ti di ti gbogbo ayé. Nínú oṣù kẹfà, obìnrin kan pe Bùsọ́lá láti Park Forest, ìlú kan nítòsí Ṣikágò. Uloma lorúkọ rẹ̀, Ìbò ni, ó sún mọ́ ẹni àádọ́rin ọdún. Ìbàdàn ló dàgbà sí lẹ́yìn ogun, Yorùbá rẹ̀ sì dá ṣáká. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá inú fídíò yẹn, ṣé wọ́n ṣì wà láyé? Orúkọ tí wọ́n pè gbẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n mi ni."

Sátidé tó tẹ̀ lé e ló dé, pẹ̀lú fọ́tò kékeré kan tó ti ṣá. Nnanna Okoroji ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó kúrò nílé ìwé lọ sójú ogun, kò padà wá. Ìyá wọn kọ̀ láti ṣe òkú rẹ̀, ó ní òkú tóun ò rí, ibo lòun fẹ́ sin ín sí? Títí ìyá náà fi kú ló ń bu oúnjẹ Nnanna sílẹ̀. Uloma nìkan ló kù nínú gbogbo ọmọ ìyá. Kò wá nǹkan mìíràn ju ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn sí lọ, kó lè gbé egungun rẹ̀ lọ sílé, kó sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn, kóun náà tó kú.

Wọ́n jọ wo fídíò náà. Dádì ń pè é lọ: orúkọ, ibi tó wà, orúkọ, ibi tó wà. Ìgbà yẹn ló tó yé Bùsọ́lá. Gbogbo ọmọ tó kú mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, òun ló sin wọ́n, ó sì há ibojì wọn sórí láti bí ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ó wá kan, "Nnanna Okoroji." Dádì la ẹnu láti sọ ibi tó wà. Ohùn obìnrin kan já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Dádì, ó tó gẹ́ẹ́! Ẹ má pe òkú nínú ilé mi!" Fídíò parí.

Bùsọ́lá ti wo fídíò yẹn bí ìgbà mẹ́wàá, kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ rí. Ìtìjú mú un, kò lè gbójú sókè.

Uloma ò bá a jà. Ì bá tiẹ̀ sàn kó bá a jà. Ó kúnlẹ̀ níwájú Dádì, ó na fọ́tò sí i. "Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, Nnanna dà?"

Bàbá gba fọ́tò náà, ó wò ó pẹ́. "Òun ló máa ń bá mi ka ọta ìbọn," ló wí. "Kì í ṣì í kà."

Uloma di ọwọ́ Bùsọ́lá mú gírígírí. "Níbo lẹ tẹ́ ẹ sí, sà?"

Dádì yọjú wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ti pa rẹ́jísítà dé. Ínsípẹ́kítọ̀ ní òun ò gbọdọ̀ gbọ́ orúkọ kankan mọ́."

Bùsọ́lá fò dìde. Ó sáré wọ kóòtù nínú ooru oṣù kẹfà, ó wá fáìlì, ó dúró gbọn-in. "Mr. Adéwọ̀yìn! Ínsípẹ́kítọ̀ ni mí. Mo ní kí ẹ ṣí rẹ́jísítà. Nnanna Okoroji!"

Dádì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ̀rín sọ lẹ́nu rẹ̀. "Bùsọ́lá, ọmọ mi, ìwọ kẹ̀? Ìwọ kọ́ ni ínsípẹ́kítọ̀. Bọ́ kóòtù yìí kí ooru má pa ọ́, kó o wá nǹkan fún àlejò wa."

Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Uloma, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá fọ́tò náà padà fún un bí ẹni tí kò rí ọmọ inú rẹ̀ rí. "Ọmọ yín rèé, mà? Ọmọ dáadáa ni. Kíláàsì wo ló wà?"