Aṣọ Pupa Tí Wọn Kò Jẹ́ Ká So

Mo rántí ìgbà tí tíṣà ìtàn wa nílé ìwé gírámà ní Kábà ya Amẹ́ríkà sójú bọ́ọ̀dù, tó fi ṣọ́ọ̀kì pín in sí méjì. Ó ní apá gúúsù kọ̀ láti fi ẹrú sílẹ̀, apá àríwá kò sì fẹ́ kí òwò ẹrú gbilẹ̀ mọ́; wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi dogun, tí ọmọ ìyá ń yìnbọn fún ọmọ ìyá. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà sunkún. Lójú mi, kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀tọ́ tó tíṣà náà.

Sáà yẹn gan-an ni bàbá tó bí ìyá mi kú. Lọ́dọ̀ wa, bí àgbà bá kú, aṣọ pupa táwọn obìnrin Bùnú ń hun la máa ń so síwájú ilé rẹ̀. Ìyá mi, tó ń hun ún fún òkú ẹlòmíràn, ti hun ti bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé àkàbà ti ògiri, ẹnì kan dìde láàárín àwọn àgbà ẹbí. Tíṣà mi ni.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀! Rírà la ra ìyá òkú yìí lọ́wọ́ àwọn Tápà. A ò so aṣọ fún ọmọ ẹrú."

Agbo ilé pín sí méjì lójú ẹsẹ̀. Kílẹ̀ tó ṣú, àdá ti jáde, wọ́n sì ti ṣá àbúrò ìyá mi lápá. A sin bàbá láìso nǹkan kan. Èmi òmùgọ̀ sì tún nawọ́ ní kíláàsì lẹ́yìn ìyẹn, mo dáhùn ìbéèrè lórí ogun Amẹ́ríkà, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Títí dòní, àtẹ́wọ́ yẹn ń bí mi nínú.

Lọ́dún yìí, tíṣà kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá ìyá mi nínú ilé bàbá rẹ̀, torí àwọn tó mọ aṣọ náà hun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Okun o, Màmá," wọ́n kí i. "Aṣọ bàbá wa la wá bẹ̀ yín fún."

Ìyá mi wọlé, ó gbé aṣọ tí wọn kò jẹ́ ká so fún bàbá rẹ̀ jáde. Mo rò pé ó fẹ́ fi ta wọ́n lọ́rẹ ni.

"Ẹ bá mi di àkàbà mú," ló wí.

Wọ́n dì í mú. Ó gùn ún lọ pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ó so aṣọ náà síwájú ilé bàbá rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní pẹ̀lẹ́.

"Ẹ lọ pe àwọn àgbà yín wá wò ó. Ìgbà tí wọ́n bá wá ni màá tó bẹ̀rẹ̀ sí í ran òwú aṣọ bàbá yín."

Mo wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ. Aṣọ náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn àgbà kò tíì wá.