Ìyàwó Tó Fọwọ́ Òsì Gbé Omi fún Ìyá Ọkọ Rẹ̀

Ojú méjì ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù ní, mo sì ti rí méjèèjì. Kí fíìmù wọn tó jáde, wọ́n á máa bẹ̀ wá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń wá ìbò: ẹ bá wa pín in, ẹ bá wa pariwo rẹ̀, ẹ gé díẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ yín, ẹ̀yin lẹ ni wá. Tó bá wá jáde tán, tá a pín in, tá a pariwo, wọ́n á kọ̀wé sí wa pé olè ni wá. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń ṣe irú ìyẹn kó má rẹ́rìn-ín. Àwọn kì í rẹ́rìn-ín ṣá.

Ìkànnì tiwa kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Yàrá méjì ni èmi àti ìyá mi ń gbé ní Ẹgbẹ́dá. Tíṣà ni ìyá mi, Èkìtì ló ti fẹ̀yìn tì, ìgbà tí bàbá mi kú ni mo lọ mú un wá sí Èkó. Láàárọ̀ ni mò ń jáde lọ síbi iṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń wọlé, òun nìkan ló ń wà nílé láàárín méjèèjì. Ní Èkìtì, kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láìjẹ́ pé gbogbo àdúgbò kí i. Ní Ẹgbẹ́dá, àwọn aráalé wa á sọ pé "Ẹ káàárọ̀, mà," wọ́n á sì ti dé géètì kó tó dá wọn lóhùn. Bó ṣe di pé tẹlifíṣọ̀n ló ń bá sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ká má purọ́, ó ń bá a jà ni. Tí ọkọ kan bá ń parọ́ fún ìyàwó rẹ̀ nínú fíìmù, ìyá mi á dìde dúró: "Ìwọ yìí, wò mí lójú!" Tó bá bínú tán, á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń wúkọ́, á wá máa gòkè títí á fi ní kí n fún òun lómi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo ń gé díẹ̀ nínú fíìmù, mo ń fi ohùn ìyá mi lé e lórí, mo ń gbé e sórí ìkànnì kan tí mo ṣí. Eré ni mo pè é. Àfi bí àwọn èèyàn ṣe rọ́ dé. Nọ́ọ̀sì kan wà ní Kánádà, bàbá kan wà ní Ìgandò tí kì í fi ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀, ṣójà kan wà ní Jọ́ọ̀sì. Wọ́n ń kí "Mummy" lábẹ́ fídíò láràárọ̀, Mummy náà ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún ń bá wọn tún sípẹ́lì wọn ṣe. Tó bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, á gbé fóònù, á máa wo ẹni tó wá àti ẹni tí ò wá bíi pé rẹ́jísítà ló ṣí. Ara ìyá mi yá gágá. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n oníǹkan wà. Tí ilé iṣẹ́ kan bá rí fíìmù rẹ̀ lórí ìkànnì rẹ, ó lè fi fídíò rẹ sílẹ̀ kó sì máa gba owó ìpolówó orí rẹ̀, tàbí kó yọ ọ́ kúrò kí wọ́n sì fún ọ ní ìkìlọ̀. Tí ìkìlọ̀ bá di mẹ́ta, wọ́n á ti ìkànnì rẹ pa, àfi tí ilé iṣẹ́ náà bá fa ìkìlọ̀ rẹ̀ padà. Àwọn ilé iṣẹ́ tó lọ́gbọ́n lórí máa ń mú ti àkọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ fẹ́ràn ìkìlọ̀ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súùtì, wọ́n sì ti fún wa ní méjì.

Ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkòtún ló fún mi lọ́gbọ́n. Ó ní kí n yí àwòrán náà padà bí èèyàn ṣe ń rí ara rẹ̀ nínú dígí, kí ọ̀tún di òsì, pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣọ́ wa ò ní dá a mọ̀ mọ́. Mo yí ọ̀kan nínú fíìmù ilé iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀rọ ò dá a mọ̀ lóòótọ́. Mo ń yan káàkiri.

Mi ò rántí pé Yorùbá ló máa wò ó.

Ọ̀sán ni ìyá mi wo fídíò náà lórí fóònù rẹ̀. Ìyàwó tuntun kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó fọwọ́ òsì gbé omi fún un. Ìyá ọkọ fọwọ́ òsì gbà á. Kábíyèsí fọwọ́ òsì jẹ iyán. Ìyá mi ní gíláàsì òun ni ò sí lójú òun nígbà tí òun kọ́kọ́ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, torí kò sí bí irú ìwà bẹ́ẹ̀ ṣe máa kọjá lójú òun. Bàbá Ìgandò náà ti kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé ayé ti bàjẹ́.

Tíṣà ò lè rí irú ẹ̀ kó dákẹ́. Ìyá mi lọ sójú ewé ilé iṣẹ́ yẹn gan-an lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó kọ lẹ́tà gígùn sí wọn lórí ẹ̀kọ́ ilé. Kí wọ́n má bàa sọ pé irọ́ ni, ó so fídíò wa mọ́ ọn.

Kí n tó dé bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù Akówọnjo nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìkìlọ̀ kẹta ti dé, wọ́n sì ti ti ìkànnì wa pa.

Mo ṣàlàyé fún un.

"Àwọn èèyàn mi ńkọ́?" ló bi mí.

Láràárọ̀ ló ṣì ń gbé fóònù lẹ́yìn àdúrà, á wò ó, á gbé e kalẹ̀. Kò bá tẹlifíṣọ̀n jà mọ́. Ó dùn mí wọra.

Ìgbà tó yá ni ẹnì kan níbi iṣẹ́ fi ìpolówó fíìmù tuntun ilé iṣẹ́ yẹn ránṣẹ́ sí mi. Àwọn òṣèré ń sáré, ọkọ̀ ń jóná, ẹ̀rín kan sì bú jáde lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rín ìyá mi. Àwọn tó pè wá lólè! Mo ṣépè tí ò yẹ kí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀. Mo ní lọ́yà ni mo máa gbà. Ìyá mi ní kí n kọ́kọ́ pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ìpolówó náà.

Ọmọbìnrin kan ló gbé e. Ìyá mi ní ohùn òun ni wọ́n fi polówó.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, a máa nílò ẹ̀rí pé ohùn yín ni. Bóyá fídíò tó wà lórí ìkànnì yín."

"Ìkànnì tí ẹ tì?"

Ìyá mi wojú mi. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi fọwọ́ mú àga.

"Yéè! Mummy! Ẹ̀yin ni!" Ọmọbìnrin náà ń pe àwọn tó kù lọ́fíìsì pé kí wọ́n wá gbọ́. "Ojoojúmọ́ la máa ń wò yín lọ́sàn-án, mà! Ẹ ti bá mi tún sípẹ́lì ṣe rí!"

"Ta ló ti ìkànnì mi?"

Ọmọbìnrin náà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi ni, mà. Ọ̀gá ní kí n tẹ bọ́tìnì tó máa tì í. Mo rí i pé tiyín ni, mo sunkún, mo sì tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé ìka yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà, mà."

"Wá fi í tú u sílẹ̀."

"Mummy, ọ̀gá mi..."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ọ̀gá rẹ."

A gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ìyá mi ò gbé fóònù sílẹ̀ títí ọmọbìnrin náà fi ní òun ti ṣe é. Nígbà tí ìkànnì ṣí, kò kí èmi, kò kí ọmọbìnrin yẹn. Àwọn èèyàn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kí.