Ọ́ìlì Tó Ń Gòkè Tó Ń Sọ̀

Bí ẹ bá rí ògiri tó dúró ṣánṣán ní Igbó-Ọrà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Bámiṣẹ́ Ògúnníyì ló mọ ọ́n. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú ló ti ń ṣe bíríkìlà, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ilé tó kọ́ fì sápá kan.

Nígbà tí Abísọ́lá ọmọ rẹ̀ ń lọ sí Kánádà, ó fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ fún un: mọ́tò pupa, onílẹ̀kùn méjì, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré ìje. Mọ́tò náà kúrú débi pé bí bàbá bá jókòó sínú rẹ̀ lójú títì, òun àti ewúrẹ́ a máa ṣe ojú mẹ́rin.

"Bàbá mi," ni Abísọ́lá wí kó tó lọ, "ẹ ṣáà máa wo ọ́ìlì rẹ̀ o. Bí ọ́ìlì bá tán, ẹ́ńjìnnì á kú."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ bàbá lákínyẹmí ara. Láràárọ̀, kó tó fọ ẹnu, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fa géèjì yọ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì. Ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀! Á bu díẹ̀ sí i. Bó bá dé ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án, á tún wò ó: ọ́ìlì ti kún kọjá àmì. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́, ó tún ti lọ sílẹ̀.

"Olè ni," ló wí fún ìyàwó rẹ̀. "Ẹnìkan ń fa ọ́ìlì mọ́tò yìí lóru."

Màmá Abísọ́lá ń jọ gàrí lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ta ló wá ń dá a padà lọ́sàn-án, Bàbá Abísọ́lá? Olè tó ti ronú pìwà dà?"

Bàbá dé fìlà. Ọkàn rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ Tàófíìk, mẹkáníìkì tó ń bá wọn tún mọ́tò náà ṣe. Ó lọ ká a mọ́ ṣọ́ọ̀bù.

"Tàófíìk, kí lo ṣe sí mọ́tò ọmọ mi?"

"Bàbá, mi ò ṣe nǹkan kan sí i o. Ẹ má bu ọ́ìlì sí i mọ́, ẹ jẹ́ n wá wò ó."

"Kí n má bu ọ́ìlì sí i? Kí ẹ́ńjìnnì lè kú, àbí?" Bàbá fa ìbínú yọ, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà, ó ń lọ sí Èrúwà, ni mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Èéfín náà pọ̀ débi pé ọlọ́kadà tó fẹ́ yà á sílẹ̀ ní láti fọwọ́ bo imú. "Bàbá," ló kígbe, "ṣé igbó lẹ̀ ń sun ni?"

Ojú ti bàbá, ṣùgbọ́n kò rí ẹlòmíì pè, Tàófíìk náà ló pè. Ó dé, ó tú ọ́ìlì tó pọ̀ jù dànù, ó wọn èyí tó kù, ó pé rẹ́gí. Wọ́n wa mọ́tò délé, wọ́n gbé e síbi tó máa ń wà lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, wọ́n ní kó sinmi. Tàófíìk tún fa géèjì yọ. Ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀!

Ẹnu ya Tàófíìk. Ó gbé ike ọ́ìlì tó ṣófo sílẹ̀ kó lè ronú. Ike ṣubú, ó sì yí gbirigbiri títí dé ìdí kòtò omi òjò. Òun, Bàbá àti Màmá Abísọ́lá tó ń jọ gàrí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ń wò ó.

"Bàbá, ta ló ṣe ilẹ̀ yìí?"

Bàbá wúkọ́. "Èmi ni."

"Ilẹ̀ náà ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọ́ìlì ń ṣàn lọ sápá kan ni, géèjì ò bá a. Bó bá dé ibi tó tẹ́jú, á ṣàn padà."

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni!" Bàbá gbaná jẹ. "Kí omi òjò má baà wọ ilé ìdáná ìyá yín!"

Ẹ̀rín pa Màmá Abísọ́lá débi pé ajọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Òótọ́ ni, omi ò wọlé ìdáná mọ́. Ẹ kàn gbàgbé pé ọ́ìlì náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàn ni."

Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín. "Tàófíìk, má bínú sí mi."

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí, Bàbá." Tàófíìk dọ̀bálẹ̀, Màmá sì ní kó má tíì lọ, iṣu iyán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná.

Bàbá kọ̀ láti tún ilẹ̀ náà ṣe. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tó tẹ́jú, ló ti ń lọ wọn ọ́ìlì rẹ̀ báyìí láàárọ̀ kùtùkùtù. Nígbà àkọ́kọ́ tí àlùfáà rí i tó tẹrí ba níwájú mọ́tò kúkúrú náà, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé àdúrà ló wá gbà. Ó rọra sún mọ́ ọn láti bá a ṣe àmín. Ó bá a tó ń nu géèjì.