Sakiusi àti Àwọn Àlejò Tó Fẹ́ Fọwọ́ Kan Òkè Yìnyín

Ní ìlú Uummannaq, létí òkun àríwá tí yìnyín kún, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ olóògbé Sakiusi, ọ̀rọ̀ òrùka ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ.

Ọkọ̀ ńlá kan ló dúró síwájú ìlú nígbà ẹ̀rùn, ó kún fún àlejò tó wá wo yìnyín. Sakiusi wà lára àwọn tó ń fi ọkọ̀ rọ́bà kó wọn káàkiri lórí omi. Lọ́jọ́ náà, ará Belgium kan tó ń jẹ́ Verhulst jókòó síwájú ọkọ̀ rẹ̀, kámẹ́rà ọwọ́ rẹ̀ gùn tó apá ọmọdé. Òkè yìnyín kan léfòó níwájú wọn, ó ga ju ilé ìjọsìn lọ, ihò ńlá kan sì wà láàárín rẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà ààfin. Verhulst ní àfi kí àwọn gba inú ihò náà kọjá.

"Ibi tá a wà yìí ti tó," Sakiusi sọ fún un.

"Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn díẹ̀, Bàbá. Ṣebí ẹ rí i pé kò mì rárá?"

"Ojú lẹ rí, ẹ ò rí inú. Èyí tó wà lábẹ́ omi tóbi ju èyí tẹ́ ẹ̀ ń wò lọ fíìfíì. Tó bá wù ú, á kàn dojú dé bí ẹni tó yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Ìdajì ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́."

"Kò gbà."

"Ìdajì ìdajì ńkọ́?"

Sakiusi kì í gbọ́ ohùn ẹni tó ń nájà kí ara rẹ̀ má yá gágá. Ó pa ẹ́ńjìnì, ó tẹ́ ọwọ́ síwájú. "Ó dáa. Ẹ bọ́ òrùka yín fún mi. Ẹ bọ́ aago náà. Ẹ gbé kámẹ́rà wá."

"Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Ìyàwó yín ni màá kó wọn fún. Èyí tí mi ò mọ̀ ni èwo ni kí n kọ́kọ́ fà lé e lọ́wọ́, tí ẹkún rẹ̀ ò fi ní pọ̀ jù."

Verhulst wo òrùka ọwọ́ rẹ̀. Ó wo òkè yìnyín. Ó tún wo òrùka. "Ibi tá a wà yìí náà dáa," ó ní. "Ó tiẹ̀ yẹ ká sún sẹ́yìn díẹ̀."

Bolatta, ọmọ àbúrò Sakiusi obìnrin, ló ń wa ọkọ̀ kejì lọ́jọ́ náà, gbogbo rẹ̀ ló sì ṣojú rẹ̀. Obìnrin tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ló ti bi í pé: "Bàbá, tí òkè yẹn bá dojú dé, ṣé ẹ̀yin náà ò ní bá a lọ ni? Ta ni ì bá wá gbé òrùka délé?"

"Ọkùnrin yẹn ò bi mí," ni Sakiusi wí.

Ohun tó dun bàbá yìí ni pé òkè yìnyín náà ò ṣe nǹkan kan. Ọkọ̀ ńlá lọ, òmíràn dé, òkè náà kàn jókòó jẹ́ẹ́ bí alàgbà ìjọ. Àwọn ọ̀dọ́ etíkun bẹ̀rẹ̀ sí í fi Sakiusi ṣẹ̀fẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè náà ló ń dẹ ẹ́ńjìnì sílẹ̀, á wá nàka sí i. "Ìwọ aláìmoore yìí! O ò lè dojú dé lẹ́ẹ̀kan péré, kí n ṣáà lè níyì?"

Ó ní àjẹ̀ onígi kan tí kì í fi wa ọkọ̀. Bó bá pa ẹ́ńjìnì tán, á ti ẹnu pẹrẹsẹ àjẹ̀ bọ omi, á wá fi etí lé ìdí rẹ̀, á dijú. Àwọn àlejò á dákẹ́ bí ẹni tó wà nínú àdúrà. Lóòótọ́ ni èèyàn ń gbọ́ nǹkan: yìnyín tó ń yọ́ máa ń dún ṣẹ̀ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọ̀rá nínú agbada. Gbogbo wọn á fẹ́ gbọ́, wọ́n á máa gba àjẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Obìnrin kan bi í pé, "Kí ni yìnyín ń sọ?"

"Ó ní kẹ́ ẹ jókòó."

Bolatta ò yé ro ọ̀rọ̀ àjẹ̀ yìí. Níjọ́ kan tí wọ́n ń jẹ ẹja gbígbẹ létíkun, ó bi í bóyá nǹkan wà tó ń gbọ́ ní tòótọ́.

"Nígbà mìíràn," Sakiusi dáhùn.

"Nígbà tẹ́ ò bá gbọ́ nǹkan kan wá ńkọ́?"

"Ẹni tó bá ń bínú, tó bá ń ṣe fújà, tó fẹ́ dìde dúró ya fọ́tò, gbé igi fún un kó fetí lé e. Ṣé o ti rí ẹni tó fetí légi tó tún ń fò sókè rí?"

Ìjọ́ tí òkìkí rẹ̀ wá kàn jù, àwọn àlejò kún ọkọ̀ rẹ̀ dẹ́nu, wọ́n wà níwájú òkè yìnyín kan tó dà bí ìjókòó ọba. Lójijì, ojú Sakiusi yí padà. Ó ṣáná sí ẹ́ńjìnì, ó yí ọkọ̀ padà, ó sì sá. Àwọn àlejò ń pariwo, fìlà ẹnìkan bá afẹ́fẹ́ lọ. Torunn, ará Norway tó jẹ́ ọ̀gá àwọn awakọ̀ rọ́bà, ń pè é lórí rédíò pé kí ló dé, kò dáhùn. Bolatta rí i pé ẹ̀gbọ́n ìyá òun kì í sá lásán, lòun náà bá yí ọkọ̀ tirẹ̀ tẹ̀lé e.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀yìn àpáta tó wà lẹ́nu èbúté nígbà tí òkè yìnyín mí kanlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan gòkè díẹ̀díẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ aláwọ̀ aró yọ síta, omi ń ya lára rẹ̀ bí ìgbà tí àbùùbùtán bá yọrí. Ó dojú dé. Ìgbì tó tì jáde fọ́ mọ́ àpáta náà, ó sì bu omi tútù sí wọn lórí. Bí wọ́n bá wà níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìbá di ti òkú.

Àwọn àlejò ń sunkún, wọ́n ń dì mọ́ Sakiusi. Òun náà ń já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn kíkankíkan, bí ọkọ̀ ṣe kan èbúté, ó bẹ́ sórí ilẹ̀, ó sì sáré lọ sẹ́yìn òkúta ńlá kan. Wọ́n ní ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni.

Bolatta nìkan ló mọ òtítọ́. "Kọfí tí mo mu láàárọ̀ ni," bàbá náà sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n mí. Obìnrin ló kún inú ọkọ̀, kí ni kí n ṣe?"

Lọ́jọ́ kejì, Torunn kó gbogbo awakọ̀ jọ. "Bàbá," ó ní, "ẹ kọ́ wa. Àmì wo lẹ rí?"

Sakiusi họ orí. Ó wo Bolatta, Bolatta wolẹ̀. "Àmì inú ara ni," bàbá dáhùn.

Torunn mirí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ẹ gbọ́ o. Tí ara yín bá ti ní kẹ́ ẹ kúrò níbì kan, ẹ kúrò." Títí dòní, òfin wọn nìyẹn, Bolatta ò sì tíì rí àbùkù kan nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàbá tó ń ṣọ́ gbogbo èèyàn yìí kì í ṣọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀wù amúniléfòó tí Torunn fún un, ó fi ṣe tìmùtìmù. Ó ní bí òun bá wọ̀ ọ́, òun á dà bí adìyẹ tó ń sàba.

Ìgbì ń gbé ọkọ̀ sókè sódò lọ́jọ́ tí Sakiusi já sómi. Wọ́n ti padà dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ọkọ̀ ńlá. Sakiusi dìde láti kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń gòkè: "Ẹ má ṣe mú àtẹ́lẹwọ́, omi á yọ ọ́. Apá ẹni tó ń fà yín sókè ni kẹ́ ẹ gbá mú, kí òun náà gbá tiyín mú. Ẹ má sì gbésẹ̀ àfi tí mo bá—"

Ìgbì fa ọkọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àárín ọkọ̀ rọ́bà àti ọkọ̀ ńlá ló já sí.

Bolatta rí i láti inú ọkọ̀ tirẹ̀. Orí rẹ̀ yọ. Ó na ọwọ́ sí okùn etí ọkọ̀, àwọn ìka rẹ̀ kan okùn náà, ṣùgbọ́n òtútù ò jẹ́ kí wọ́n lè pa dé mọ́. Ẹnu rẹ̀ là, ọ̀rọ̀ kankan ò jáde. Ohun tó ba Bolatta lẹ́rù jù nìyẹn. Kò tíì rí i rí kí ẹnu yẹn là lásán.

Ìyá arúgbó ará Portugal kan tó ń jẹ́ Graça, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ránṣọ, ló dojú bolẹ̀ sétí ọkọ̀, tó gbá a mú ní apá gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wọn. Àwọn yòókù di ìyá náà mú lẹ́sẹ̀. Wọ́n wọ́ Sakiusi wọlé bí ìgbà tí wọ́n bá wọ́ ẹja ńlá. Ó ń gbọ̀n, ètè rẹ̀ dúdú, Graça sì gbá a mọ́ra, ó ń pariwo mọ́ ọn lédè Portugal, ó ń gbá a létí bí ọmọ tó sá nílé.

Torunn ò bá a wí. Ó kàn gbé ẹ̀wù amúniléfòó náà lé e lórúnkún, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má bàa rí ojú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Sakiusi dé etíkun pẹ̀lú ẹ̀wù amúniléfòó méjì lọ́rùn. Ó fẹ̀ débi pé kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ọ̀kan ti tó, Bàbá," Torunn ní.

"Ọ̀kan ni tèmi, ìkejì ni ti ẹnu mi. Òun ló wúwo jù."

Omi kọ́ ló pa á nígbẹ̀yìn. Nígbà òtútù tó kọjá ló jẹun yó, ó fẹ̀yìn ti àga, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan fún ìyàwó rẹ̀, kò sì parí rẹ̀. Wọ́n sin ín sáàárín àwọn òkúta lókè ìlú. Nígbà tí wọ́n ń mu kọfí lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó mọ̀ mọ́ bóyá ẹ̀rín ló mú omijé náà wá.

Bí kọfí ti ń tán, Bolatta jókòó ti opó Sakiusi, Ìyá Birgithe. "Màmá, ìtàn wo ló ń sọ tó fi sùn?"

"Mi ò gbọ́," obìnrin náà ní. "Aṣọ òwú ni mò ń hun. Mo rò pé á tún un sọ lọ́la."

Nígbà tí omi òkun tó dì tún là, tí ọkọ̀ ńlá àkọ́kọ́ dé, kùrukùru bolẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bolatta rọra ń kó àwọn àlejò rẹ̀ padà. Bí kùrukùru ṣe ṣí díẹ̀, tó wo òkè ìlú, ó rí Ìyá Birgithe níwájú fèrèsé ilé pupa rẹ̀, ó wọ síwẹ́tà ọkọ rẹ̀, ó ń wo omi. Nígbà náà ló yé Bolatta pé ibẹ̀ ni obìnrin yìí ti máa ń dúró de ọkọ rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́, àti pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbọ́ pé kò sí ẹni tó ń bọ̀ mọ́.

Ó dẹ ẹ́ńjìnì. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì jù ú títí àwọn àlejò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn wọn.

Lókè lọ́hùn-ún, ó pẹ́ díẹ̀, ọwọ́ kan jáde nínú apá síwẹ́tà tó gùn jù, ó juwọ́ padà.